Èkó sí Kùtọnu: ṣé bàálù ni, àbí bọ́ọ̀sì, àbí ká kàn wọ takisí ní Mile 2?

Tẹ́ ẹ bá wo máàpù, Èkó àti Kùtọnu fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé pápákọ̀ Cadjehoun ní Kùtọnu, tí wọ́n bá fa ìlà tààrà lójú ọ̀run, bíi kìlómítà 106 péré ni, bàálù tó bá ti gbéra á ti balẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 25 sí 35. Orí títì náà ò jìnnà, bíi kìlómítà 120 láti àárín Èkó. Táwọn èèyàn bá ti gbọ́ báyìí, wọ́n á ní kí lẹ tún ń rò sí, ẹ wọ bàálù kẹ́ ẹ lọ jàre. Ẹ dúró ná. Ìdajì wákàtí yẹn ló kéré jù nínú gbogbo ìrìnàjò náà, ohun tó ṣáájú ẹ̀ àtohun tó tẹ̀ lé e ló ń jẹ ọjọ́ èèyàn tán, ibẹ̀ náà sì lẹ ti máa mọ èyí tó bá yín mu.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ibo lẹ ń gbé l'Ékòó? Òun ló lágbára jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ń gbé Festac tàbí Ọ̀jọ́ ti wà lójú ọ̀nà bọ́dà kó tiẹ̀ tó jí láàárọ̀, ẹni tó ń gbé Ajah ní láti la gbogbo Èkó já kó tó dé ìdí bàálù tàbí ìdí mọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka wákàtí láti ẹnu ọ̀nà ilé yín dé ibi tẹ́ ẹ ti máa sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ má ka ti orí tíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Owó náà bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá ni kẹ́ ẹ rò pọ̀, títí kan owó takisí lọ sí pápákọ̀ àti owó oúnjẹ ojú ọ̀nà. Ẹ tún bèèrè bóyá nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ máa ń gbéra lásìkò tó láwọn máa gbéra. Ẹrù ló kù, àti ìwé.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí kan gbogbo wọn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ká lè kúrò níbẹ̀. Láti 1979 ni ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àwọn kan wá ń rò pé físà ò sí, ìwé náà ò sí nìyẹn. Rárá o. Pásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì kọjá ni kẹ́ ẹ mú dání, àti yẹ́lò káàdì tẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú sí ní tòótọ́, ẹ má dúró kó di bọ́dà kẹ́ ẹ tó máa wá a kiri. Kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ fún yín ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìjáde ní Nàìjíríà, ìwọlé ní Bẹ̀nẹ̀, torí ẹni tó wọlé láìní òǹtẹ̀, ìgbà tó bá ń padà bọ̀ ló máa mọ̀ pé òun ti kó ara òun sí wàhálà.

Bàálù tó ń lọ tààrà

Ká sọ pé Sùúrùlérè lẹ ń gbé. Láti ilé dé Ìkẹjà, wákàtí kan, tí gósílóò ò bá le jù. Lójú ìjọba, ilẹ̀ òkèèrè lẹ ń lọ, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ti dé wákàtí mẹ́ta ṣáájú, ìlà kan náà lẹ sì máa tò pẹ̀lú ẹni tó ń lọ London. Ìdajì wákàtí lójú ọ̀run. Bíi ìṣẹ́jú 30 sí 45 níwájú ìmígíréṣọ̀n àti níbi ẹrù. Ohun tó wù mí jù ní Kùtọnu ni pé àárín ìlú gan-an ni Cadjehoun wà, láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20 takisí ti gbé yín dé Ganhi tàbí Haie Vive. Ẹ wá rò ó pọ̀, ó lé ní wákàtí márùn-ún, nítorí kìlómítà 106. Ẹni tó bá ti Ajah wá á fi wákàtí kan tàbí méjì lé e.

Bàálù tààrà yìí kì í sì í wà lójoojúmọ́. Ọ̀nà kúkúrú ni, èrò ẹ̀ ò pọ̀ bíi ti Accra, ilé iṣẹ́ bàálù kan á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tó bá yá wọ́n á dín in kù tàbí kí wọ́n pa á tì. Torí náà kẹ́ ẹ tó máa sọ fún ẹni tó ń retí yín pé bàálù lẹ máa bá wá, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó wà lọ́sẹ̀ yẹn. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ máa ń bo ojú ọ̀run, bàálù á sì dúró de ìgbà tí ojú bá mọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Owó ẹ̀ wọ́n, ìdí ẹ̀ sì rọrùn láti rí. Owó ìjọba, owó pápákọ̀ àti owó ààbò tí wọ́n ń gbà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ò mọ̀ pé kìlómítà 106 ni, bí wọ́n ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ Kùtọnu. Àwọn olórí ECOWAS fẹnu kò ní oṣù Kejìlá 2024 pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026, kí wọ́n yọ owó orí kúrò lórí bàálù láàárín ẹgbẹ́ náà, kí wọ́n sì gé owó èrò àti owó ààbò kù pẹ̀lú 25 nínú 100. Ìpinnu tó dáa gan-an ni, ó yẹ kó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ibi tí wọ́n ti to owó náà lẹ́sẹẹsẹ, ẹ máa rí i níbẹ̀ bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ yín.

Bàálù tó gba Lomé

Tí kò bá sí tààrà, èyí tó máa ń jáde lójú fóònù yín ni kẹ́ ẹ wọ bàálù ilé iṣẹ́ ASKY lọ sí Lomé ní Tógò, tó jẹ́ ibùdó wọn, kẹ́ ẹ wá ti ibẹ̀ bọ́ sí òmíràn padà sí Kùtọnu. Ẹ wo ohun tí ìyẹn jẹ́: Èkó sí Lomé bíi kìlómítà 233, Lomé sí Kùtọnu bíi 127, àpapọ̀ ẹ̀ 360, ẹ ti kọjá Kùtọnu lójú ọ̀run kẹ́ ẹ tó wá ṣẹ́rí padà sí i. Tí ẹ bá fi wákàtí tẹ́ ẹ máa fi jókòó ní Lomé kún un, ọjọ́ kan ti lọ. Kò sì dín owó kù.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú lórí tíkẹ́ẹ̀tì yìí. Aago Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ bára mu, ṣùgbọ́n ti Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Bàálù tó kúrò l'Ékòó ní aago 12 ọ̀sán lè kọ ọ́ sí tíkẹ́ẹ̀tì pé òun dé Lomé ní aago 11:50 àárọ̀. Wọn ò ṣì í kọ. Tẹ́ ẹ bá wá ń padà bọ̀ láti Lomé, ìrìnàjò kan náà á dà bíi pé ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tún aago yín tò kẹ́ ẹ má baà jókòó síbì kan kí bàálù kejì fi yín sílẹ̀.

Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó gba Lomé lọ sí Kùtọnu, àfi ẹni tí iṣẹ́ gbé e lọ sí ìlú méjèèjì, tàbí ẹni tí ìlera ẹ̀ ò jẹ́ kó lè fara da títì.

Bọ́ọ̀sì ńlá

Àwọn ilé iṣẹ́ bíi ABC Transport àti Chisco ti pẹ́ lẹ́nu gbígbé èrò lọ sí Accra, wọ́n á gba Kùtọnu àti Lomé kọjá, ẹ sì lè bá wọn sọ̀ ní Kùtọnu. Jìbówú àti Àmúwó-Ọ̀dọ̀fin lọ̀pọ̀ wọn ti ń gbéra, àárọ̀ kùtùkùtù ni. Ẹ̀rọ amúlétutù wà, ààyè wà fún ẹsẹ̀, báàgì ńlá ńlá á wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n sì kọ orúkọ yín sílẹ̀ sínú ìwé, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ẹnì kan mọ̀ pé ẹ wà nínú ọkọ̀ yẹn. Fún ẹni tí kò lọ rí, èyí nìkan tó nǹkan. Owó ẹ̀ ò sì tó ti bàálù níbì kankan.

Ibi tó kù sí ni bọ́dà. Gbogbo èrò ló máa sọ̀ ní Ṣẹ́mẹ̀, gbogbo wọn ló máa gba òǹtẹ̀, kò sì sí bí ọkọ̀ ṣe máa lọ tí ẹnì kan bá ṣẹ́kù. Ìwé tiyín lè pé pérépéré, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn yín má ní yẹ́lò káàdì, kí gbogbo yín wá dúró tì í fún wákàtí kan gbáko. Àwọn ọkọ̀ kan tún wà tí wọ́n á ní kí èrò dá owó jọ fún bọ́dà, ẹ bèèrè ohun tí owó náà wà fún kẹ́ ẹ tó kó o jáde. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó san owó ọkọ̀ pé ibo gan-an ni wọ́n máa já yín sí ní Kùtọnu, torí ọkọ̀ tó ń lọ Accra ò ráyè wọ ìgboro nítorí èrò méjì, ojú títì ńlá ni wọ́n lè já yín sí. Ẹ fi wákàtí márùn-ún sí méje sọ́kàn.

Takisí, láti gáréèjì dé gáréèjì

Èyí ni mo máa sọ̀rọ̀ lé jù, torí òun lọ̀pọ̀ wa ń wọ̀, òun ló sì lè yá jù, òun náà ló lè bàjẹ́ jù tí èèyàn ò bá mọ̀ ọ́n ṣe.

Mile 2 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Erékùṣù ti rí ìrọ̀rùn báyìí, torí láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13 tí kò sí gósílóò kankan lójú ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ yẹn nìkan lè jẹ wákàtí méjì lọ́wọ́ èèyàn. Ní Mile 2, ẹ wá ọkọ̀ tó ń pe Ṣẹ́mẹ̀, ẹ má wọ ti Badagry kẹ́ ẹ wá tún wá òmíràn, àfi tí ti Ṣẹ́mẹ̀ ò bá kún. Láti ibẹ̀ dé bọ́dà, bíi kìlómítà 70. Ọ̀nà yìí, àtìgbà ìjọba Fashola ni wọ́n ti ń tún un ṣe, apá ibi kan dán, apá ibi kan ò tíì yé bàjẹ́, Okokomáìkò àti Ìyànà-Ìbà ni gósílóò ti máa ń mú èèyàn jù. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Àgbárà, ọkọ̀ á máa sáré díẹ̀, àwọn aláṣọ ìjọba á sì máa dá a dúró, kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n, ọlọ́pàá, wọ́n pọ̀ jù fún ọ̀nà kan ṣoṣo, ó sì ń dùn mí nítorí àwọn ọlọ́jà wa tó ń gba ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ mú ìwé yín síwájú, ẹ dáhùn pẹ̀lú sùúrù, ẹ má jà.

Ní Ṣẹ́mẹ̀, ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá 2018 ni Buhari àti Talon, ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà yẹn, ṣí ilé bọ́dà tí orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ ń lò, ibẹ̀ lẹ ti máa gba òǹtẹ̀. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi kọjá. Ẹnikẹ́ni tó bá sáré pàdé yín pé òun á bá yín "ṣe é kíákíá," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ, pásípọ́ọ̀tù yín ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín àfi ti òṣìṣẹ́ tó wà nídìí tábìlì. Ẹ tún ṣẹ́ owó díẹ̀, ẹ kà á lójú ẹni tó ṣẹ́ ẹ fún yín. Sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, ò dà bíi náírà, wọ́n ti so ó mọ́ yúrò, 655.957 sí yúrò kan, kò kúrò níbẹ̀. Náírà tiwa ló ń lọ sókè sódò, ohun tó wá jẹ́ ni pé gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá san ní ìhà ọ̀hún á máa wọ́n sí i bí náírà bá ṣe ń jábọ́. Ẹ wo iye tó jẹ́ lárọ̀ọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ò wúlò mọ́.

Láti Kraké, ìyẹn bọ́dà náà ní ìhà ti Bẹ̀nẹ̀, dé Kùtọnu, bíi kìlómítà 35. Takisí ibẹ̀ máa ń kó èèyàn méjì síwájú, mẹ́rin sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá sanra tàbí ẹ gbé ọmọ lọ́wọ́, ẹ ra ààyè méjì, owó tẹ́ ẹ ná síbẹ̀ ò ní dùn yín. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ìgboro, àwọn ọlọ́kadà tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, wà káàkiri, ẹ dá owó kẹ́ ẹ tó gùn. Faransé àti Fọ̀n ni wọ́n ń sọ jù, àmọ́ Yorùbá ò ní pa yín tì, ẹ máa rí ẹni tó gbọ́ ọ lójà àti ní gáréèjì.

Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Mile 2 ní aago mẹ́fà àárọ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lè gbé yín débẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ ti ṣáájú ẹni tó ń lọ wọ bàálù. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní ọ̀sán, ẹ kà á sí mẹ́fà. Alẹ́ ńkọ́? Ẹ má dán an wò, ẹ sun ilé kẹ́ ẹ jí lọ.

Mọ́tò tiyín

Ó dáa fún ìdílé, ó sì dáa fún ẹni tó máa rìn káàkiri Bẹ̀nẹ̀. Ìwé ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tò: ìwé tó fi hàn pé tiyín ni, láísẹ́ǹsì, àti Brown Card ti ECOWAS tó jẹ́ ìnṣọ́ránsì tí wọ́n mọ̀ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ tàbí ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ gba lẹ́tà àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ní Kraké, kọ́sítọ́ọ̀mù wọn á fún yín ní ìwé tó jẹ́ kí ọkọ̀ náà wọlé fún ìgbà díẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù, wọ́n á bèèrè ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa san owó títì ní Ekpè kẹ́ ẹ tó dé Kùtọnu.

Ọ̀nà kejì tún wà táwọn ará Èkó máa ń gbàgbé: Ìdírókò. Ẹni tó ń gbé Àgbádò, Sàngó, Ọ̀tà tàbí Abẹ́òkúta, kí ló fẹ́ lọ ṣe ní Mile 2? Ìdírókò ni kẹ́ ẹ gbà wọ Ìgólo, ibẹ̀ sí Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ò jìnnà, Àjàṣẹ́ sí Kùtọnu bíi kìlómítà 30. Tó bá sì jẹ́ pé Àjàṣẹ́ gan-an lẹ ní ẹbí sí, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ní, ẹ ò ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣe ní Kùtọnu rárá.

Ṣé bọ́dà ò ní tì?

Òótọ́ tí gbogbo ọ̀nà orí ilẹ̀ yìí jọ ní nìyẹn. Oṣù Kẹjọ 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ti bọ́dà, ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Ṣẹ́mẹ̀, Ìdírókò di oṣù Kẹrin 2022. Wọ́n tún tì í nígbà ìdìbò oṣù Kejì 2023. Tẹ́ ẹ bá ní ohun tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, bí ìgbéyàwó tàbí ìdánwò, ẹ wo kàlẹ́ńdà ìdìbò orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ẹ tún wo ọjọ́ 10 oṣù Kìíní, ọjọ́ ọdún Vodun ni ní Bẹ̀nẹ̀, èrò á ti pọ̀ lójú ọ̀nà láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Tó bá jẹ́ Ìkẹjà tàbí Màrílándì lẹ ń gbé, báàgì kékeré kan lẹ gbé, ilé iṣẹ́ ló ń sanwó, bàálù tààrà sì wà lọ́jọ́ yẹn, ẹ wọ bàálù, ara yín á fúyẹ́ débẹ̀. Tí tààrà ò bá sí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì Lomé fún yín, ẹ gba títì.

Ẹ̀yin ará Festac, Ọ̀jọ́, Okokomáìkò àti Badagry, takisí ni o, láàárọ̀ kùtù. Ará Erékùṣù tí kò ní ẹrù púpọ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí tí ọkọ̀ ojú irin ti wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ò lọ rí, tàbí ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rán màmá yín lọ láwọn nìkan, bọ́ọ̀sì ńlá ni kẹ́ ẹ mú, kí ẹni tó máa pàdé wọn ti dúró sí ibi tí ọkọ̀ máa já wọn sí. Ọlọ́jà náà, bọ́ọ̀sì ni nítorí ẹrù, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìrẹsì àti adìyẹ dídì padà wọlé, òfin ò gbà á, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín, owó yín á sì ṣòfò.

Ìdílé tó ní ọmọ kéékèèké, mọ́tò tiyín, àárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ọ̀sán.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ máa kọjá Kùtọnu lọ sí Accra, gbogbo ìṣírò yìí yí padà. Kìlómítà 400 ni lójú ọ̀run, bíi wákàtí kan, bàálù sì ń lọ ọ lójoojúmọ́, nígbà tí bọ́ọ̀sì máa gba bọ́dà mẹ́ta kọjá, á sì jẹ odidi ọjọ́ kan. Níbẹ̀ yẹn, tí owó bá wà, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láìwẹ̀yìn.